Àwọn Kòkòrò Tó Kọ Ewé Ẹ̀wà

Láti ìgbà tí Ardella Spruill ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ohun tó gbà á lọ́kàn tó ẹyin tí àfòpiná kan yé sára tòmátì Lonnie, àbúrò rẹ̀. Ó pín ẹyin náà sínú ìgò méjì. Nígbà tí wọ́n pa, ó fi ewé tòmátì bọ́ àwọn kòkòrò inú ìgò kan. Lonnie ló fà á tí àwọn tó kù fi jẹ ewé ẹ̀wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ fi tòmátì mi sílẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ agbègbè Duplin yìí ló ń pa kòkòrò yìí, ẹ̀yin lẹ wá ń bọ́ ọ."

"Ahun ni ẹ́. Ewé ẹ̀wà wà lọ́gbà tèmi."

Kòkòrò inú ìgò méjèèjì ń sanra, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn àgbọ̀nrín ya wọ ọgbà Lonnie, tí wọ́n jẹ tòmátì rẹ̀ tán porogodo. Ardella kó ewé ẹ̀wà fún àwọn tó ń jẹ tòmátì. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbórí kúrò. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń rù, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ìyá wọn nínú ìgò kejì ń run ewé kan náà wómúwómú. Ardella mú fóònù. Ó pe Lonnie.

"Máa bọ̀ kíá. Ìyá kan ló bí wọn o! Oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ló yà wọ́n sọ́tọ̀."

Lonnie dé, ó bẹ inú ìgò wò. "Ká ní màmá wa ló bí àwọn yìí ni, wọn ì bá ti jẹ ẹ́ tẹkúntẹkún."

"Tábà ńkọ́? Ẹbí tòmátì ni."

Lonnie mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n sáré lọ sóko tábà Otha, aládùúgbò wọn.

"Èmi ń ra oògùn pa wọ́n," Otha ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ̀yin ń tọrọ oúnjẹ fún wọn." Ṣùgbọ́n ó já ewé tábà fún wọn.

Nígbà tí wọ́n délé, tí ewé wọ inú ìgò àwọn tó kọ ẹ̀wà, kòkòrò tó tóbi jù rọra fà dé etí ewé, ó dúró. Ó lanu, ó gé ewé, ó tún gé e. Ni àwọn yòókù bá rọ́ bò ó.

Lonnie di èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú gírígírí. "Ẹ fún àwọn elẹ́wà náà jẹ."

Ardella fún wọn. Àwọn ìyẹn jẹ tábà, wọ́n padà sórí ẹ̀wà, wọ́n tún jẹ tábà. Kò sí èyí tí wọ́n kọ̀.

"Tòmátì ò mọ́ àwọn yìí lára láti kékeré ni," Ardella ní, omijé ayọ̀ ti lé sójú rẹ̀.

Lonnie ti fa àga súnmọ́ ìgò. "Ibo la ti máa rí ẹyin mìíràn?"