Ìtọ̀ Jọmílójú

Àárín ọmú ni Màmá Tòún ki ìgò ìtọ̀ náà bọ̀ kó tó gun ọ̀kadà láti Ìbàfò lọ sí Mówè. Ọmú tó ti rọ̀ bí àpò gààrí tí wọ́n ti tú dà, ó kúkú ríṣẹ́ ṣe lónìí.

“Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fín lọ́fínńdà,” ló wí fún ọlọ́kadà, “ìtọ̀ ọmọ-ọmọ ni tèmi.”

Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, torí pé bí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ni.

Jọmílójú, ọmọ Tòún, ló wà lọ́sibítù ní Ìbàfò. Àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìtọ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un kò ran kòkòrò tó fa àìsàn náà. Dókítà ní abẹ́rẹ́ mìíràn wà, ṣùgbọ́n èyí tó ń pa kòkòrò kan, ṣe ni kòkòrò mìíràn ń fi í ṣeré. Àfi kí wọ́n mọ irú èyí tó jẹ́, kíákíá; ọmọ náà kò lè dúró de àyẹ̀wò tó ń pẹ́.

Ashraf ló sọ fún wọn nípa ẹ̀rọ kan tó ń dá kòkòrò mọ̀ kíákíá. Ọmọ aládùúgbò wọn ní Ìfọ̀ láyé ọjọ́un ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kan ní Mówè. Wọ́n á po ìtọ̀ mọ́ èérún fàdákà tí ojú kò lè rí, wọ́n á tan iná tóóró sí i. Kòkòrò tó bá lẹ̀ mọ́ fàdákà náà á dá iná padà, á sì hàn bí ilà lójú kọ̀ǹpútà. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní ilà tirẹ̀.

“Bí ilà ojú nìyẹn,” ni Màmá Tòún wí nígbà náà. “Kéèyàn tó béèrè, o ti mọ ilé tó ti wá. Àfi tèmi yìí tí olóólà mutí yó kó tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ yín á pè mí ní ológbò.”

Nígbà tó sọ̀ lórí ọ̀kadà, kó tó wọ ilé àyẹ̀wò náà, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe sí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ àti taya ọkọ̀ àna rẹ̀. Ó ṣí ìgò náà, ó kán òróró àdúrà sí i, ó gbọ̀n ọ́n pọ̀ kó lè kárí. Ó ní kí Olúwa tú kòkòrò náà ká.

Ó jókòó títí. Nígbà tí Ashraf jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Màmá, kí lẹ fi sínú ìtọ̀ yìí?”

“Àdúrà ni.”

“Àdúrà kì í yọ ilà, Màmá.”

“Òróró ni. Díẹ̀ báyìí.”

Ashraf jókòó tì í. “Òróró ti bo fàdákà náà. Kòkòrò kò ráyè lẹ̀ mọ́ ọn. A fa ti ìsàlẹ̀ ìgò, bákan náà ni. Òróró nìkan ló ń dáhùn.”

“Ẹ ò lè fọ̀ ọ́ ni?”

“Tá a bá ní ká fọ òróró, kòkòrò á bá a lọ. Ẹ bá wa gba òmíràn, Màmá. Ìtọ̀ nìkan la tíì kọ́ ẹ̀rọ yìí láti kà. Ẹ má sì fi nǹkan kan sí i.”

“Ìtọ̀ ha ni wàhálà? Ọmọ tó ń tọ̀ bíi páìpù tó bẹ́. Ó ti ba mátíráàsì mi jẹ́ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣì fi bú u.”

Ó pe Tòún lórí fóònù, ó ní kó gba ìtọ̀ sí ìgò mìíràn.

“Kò tọ̀ mọ́, Màmá. Látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ. Nọ́ọ̀sì ki rọ́bà bọ ojú ìtọ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan. Wọ́n ní kíndìnrín ti ń dákẹ́.” Tòún tún béèrè. “Ẹ̀rọ ńkọ́? Kí ló wí?”

Màmá Tòún wo Ashraf. Ó dìde, ó lọ wá ọ̀kadà tó máa gbé e padà.

Nígbà tó padà dé Ìbàfò, Jọmílójú kò lajú. Màmá Tòún kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí ọmọ náà, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ èébú.

“Tọ̀ sí mi lọ́wọ́, ìyá mi,” ló wí. “Mi ò ní bú ẹ.”

Ibẹ̀ gbẹ. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.