Òṣùká tí Tanímọ̀la Fà Ya

Ajá tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe, yóò bá ara rẹ̀ wá iṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì ní dùn mọ́ onílé nínú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Tanímọ̀la, ajá dúdú tí Olúsànyà rà láti máa ṣọ́ ilé wọn ní Likosi nígbà tí olè ń yọ bátìrì ọkọ̀ gbogbo àdúgbò. Gbogbo ọ̀sán ló fi ń gbẹ́lẹ̀. Ó hú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé, ó fi èékánná ha ilẹ̀kùn títí ọ̀dà fi bó, ó sì pa adìyẹ Ìyá Tawfiq tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà. Ìyá Tawfiq bú ajá, ó bú olájá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ẹni tó kọ́kọ́ mú ajá wọ̀lú.

Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó Olúsànyà, ló máa ń wà nílé tì í, oyún sì ti ń wúwo lára rẹ̀. Orí fóònù ló ti rí i pé imú ni ajá fi ń ṣeré. Bí wọ́n bá fi ohun tó ń ta sánsán pamọ́ fún un, tó wá a títí tó fi rí i, yóò rẹ̀ ẹ́ ju kó sáré yí ọgbà ká lọ, yóò sì sùn. Ló bá jókòó tì í. Ó ya aṣọ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ́ wọn pọ̀ roboto bí òṣùká tí wọ́n fi ń rẹrù, ó há edé àti ẹ̀dọ̀ màlúù sáàárín wọn, ó ta á ní kókó, ó sì rì í mọ́ inú yanrìn. "Tanímọ̀la, wá a!" Háà! Àfi bí idán. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ajá tó ti jẹ́ ọ̀tá gbogbo ọgbà ń sùn fọnfọn lábẹ́ igi máńgòrò, Ìyá Tawfiq sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè pé, "Ṣé ẹ ti fún ajá wa ní òṣùká lónìí?"

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti rí aṣọ o. Ojúọlá, ìyá Olúsànyà tí wọ́n ń pè ní Màmá, tó ń ta obì lọ́jà Sábó láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìkókó, ló di àwọn ìró rẹ̀ àtijọ́ ní ìdì kan, tó fi wọ́n ránṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní Ofin. Nínú ẹbí tiwọn, aṣọ àgbà ni wọ́n fi ń gba ọmọ tuntun, kí ọmọ lè gbó kó sì tọ́ bí ẹni tó ni aṣọ. Àwọn ìró náà rọ̀ múlọ́múlọ́, ṣùgbọ́n òórùn ewé obì wà lára wọn, ti òrí wà níbẹ̀, ti àbóníkì tí Màmá fi ń ra orúnkún náà wà níbẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe fọ̀ wọ́n tí ó lọ. Moyọ̀sọ́lá ti ra aṣọ ọmọ ní Èkó, funfun báláú nínú ọ̀rá. "Èmi kọ́ ni n ó fi àkísà gba ọmọ mi," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Nígbà tí Màmá pè é lórí fóònù pé ṣé ìró dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dé, mà. Mo ti kó wọn pamọ́ de ọmọ. Ẹ ṣé gan-an, mà."

Nígbà tó yá, edé kọ́ ni ajá ń wá mọ́. Òórùn ìró ni. Bó bá ti gbọ́ ọ, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde, á máa ké wínwín, á kọ lu òṣùká náà, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì fi eyín fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ̀rù ba Moyọ̀sọ́lá lọ́jọ́ tó rí i tí ẹ̀dọ̀ ti jábọ́ sílẹ̀, tí ajá kò tilẹ̀ wò ó. Aṣọ ló ń ya. "Eré ló ń ṣe jàre," ló wí, ó sì wọlé lọ dáná, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á.

Ó bí ọmọkùnrin wẹ́rẹ́. Màmá sì dé láti wá máa wẹ ọmọ, bí ìyá ọkọ ṣe ń ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa, ó ń fi Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ki ọmọ láti ẹnu géètì, àpò obì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tanímọ̀la gbé imú sókè. Moyọ̀sọ́lá wà lójú fèrèsé, ọmọ ń mu ọmú lọ́wọ́, ó sì rí irun ẹ̀yìn ajá tó ń dìde. Ó kígbe: "Màmá, ẹ dúró síbẹ̀!" Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí ajá fi kọ lu Màmá. Kò bù ú jẹ o. Etí ìró ló gbá mú, ó fà á, ó fà á, títí Màmá fi ṣubú lulẹ̀ gbì, tí obì sì fọ́n káàkiri. Igi ni Olúsànyà fi lé ajá sẹ́yìn kó tó rí i so.

Ìyá Tawfiq ti jáde, ó káwọ́ lérí. "Ajá tí kì í gbó mi! Ajá tí kì í gbó àwọn ọmọ tó ń sọ ọ́ lókò! Hùn. Ajá a máa rí ohun tí ojú ènìyàn ò rí o."

Ó yẹ kí Moyọ̀sọ́lá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kí ló gba? Kó ṣáà ní, èmi ni mo fi ìró yín kọ́ ajá. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó ilé ṣe fẹ́ dúró níwájú ọkọ, kó ní aṣọ ìyá rẹ̀ lòun ń fún ajá ya? Ojú tì í. Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti rọgbọ mọ́. Ajá ń fa ṣéènì, imú rẹ̀ kọjú sí yàrá tí Màmá wà. Bí wọ́n bá sá aṣọ, ti Màmá nìkan ló máa ń fò mọ́. Ìyá Tawfiq sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ó sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, kò sì pẹ́ tí àwọn tó wá kí ìyá ọmọ fi ń wo Màmá láti orí dé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kúnlẹ̀ kí i. Ara ọmọ wá gbóná. Nọ́ọ̀sì ní ibà lásán ni, ó sì fún un lóògùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Olúsànyà kò ti lè wo ojú ìyá rẹ̀ dáadáa. "Màmá, ẹ sinmi," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Ẹ jẹ́ kí Moyọ̀sọ́lá máa wẹ̀ ẹ́." Màmá wò ó títí. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú omi ìwẹ̀ ọmọ.

Lójoojúmọ́ ni Moyọ̀sọ́lá ń sọ pé lọ́la lòun yóò jẹ́wọ́. Ilẹ̀ á mọ́, ẹnu rẹ̀ á tún wúwo. Ìtìjú burú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó lè jókòó wo iná títí ilé á fi jó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Màmá pè é sẹ́yìn ilé. Ó ti rù. "Ìyàwó mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé ó ṣeé ṣe kéèyàn jẹ́ àjẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ má mọ̀?"

"Màmá!"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Olúsànyà nìkan kọ́ ni mo bí. Mo bí àwọn kan ṣáájú rẹ̀, gbogbo wọn ló lọ. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí ajá ti lé mi. Àbí èmi ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Moyọ̀sọ́lá dé egungun. Ó bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. "Rárá o! Èmi ni, Màmá! Èmi ni mo fà á!" Olúsànyà sáré jáde, Ìyá Tawfiq náà sáré jáde. Moyọ̀sọ́lá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pátá: ìdì ìró, sísọ́ọ̀sì, irọ́ tó pa lórí fóònù. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ó sáré wọlé, ó fa èyí tó kù nínú àwọn ìró náà jáde lábẹ́ ibùsùn, ó fi lọ́ òṣùká kan. Ó fi ìró tirẹ̀ lọ́ òmíràn. Kò fi ẹran sínú ìkankan. Ó jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì tú ajá.

Tanímọ̀la kọjá ti Moyọ̀sọ́lá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Irun rẹ̀ dìde. Ó já lu ti Màmá, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya.

"Ṣé ẹ rí i?" Moyọ̀sọ́lá ń fò sókè. "Ṣé ẹ rí i báyìí?"

"A rí i," ni Ìyá Tawfiq wí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. "Kò sẹ́ran nínú méjèèjì. Ti Màmá nìkan ló fà ya. Yéè! Òórùn ara wọn lásán, ajá ò lè gbà á."

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní òórùn náà!"

Olúsànyà ti so ajá padà. Ó di ìyàwó rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ó tó, Moyọ̀. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ìyá mi. Ta ni yóò fi ìró ìyá ọkọ rẹ̀ fún ajá? Ìwọ kọ́."

"Èmi ni! Mo fi ọmọ mi bú..."

Ọwọ́ ló fi bò ó lẹ́nu. "Má fi ọmọ búra. Má fi ọmọ búra nítorí ọ̀rọ̀ yìí."

Moyọ̀sọ́lá wo Màmá, nítorí pé bí ẹnì kan bá lè gbà á gbọ́, Màmá ni. Màmá ń wo àwọn ègé ìró rẹ̀ nílẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ Moyọ̀sọ́lá, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀ fún un. "Ìyàwó tó lè purọ́ mọ́ ara rẹ̀ nítorí ìyá ọkọ kò wọ́pọ̀," ó wí. "Olúwa á bá mi san án fún ọ. Àwọn tí mo bí ṣáájú ọkọ rẹ, kò sí ajá nílé wa nígbà náà tí ì bá kìlọ̀ fún wa."

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú yàrá. Màmá yí padà síbẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì gba ẹnu géètì lọ láì wọlé kó ẹrù rẹ̀.