Ìdí Tí Wọ́n Fi Ṣí Ìgò Kẹtàdínlógún

Màmá Ìgò ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Ọdún méjìlá gbáko ló fi ń fọ ìgò, tó ń se oúnjẹ fún kantíkantí, tó ń fi òwú dí ẹnu ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kantíkantí náà ni mo wí, àwọn kòkòrò tíńtìntín tó máa ń bo èso tó bá ti rà.

Inú ìgò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá. Ọ̀gá àgbà ló pín wọn sí méjì: àwọn kan lọ sórí pẹpẹ ọ̀tún, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, àwọn yòókù lọ sí òsì, ṣúgà ni tiwọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fojú kan ara wọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó kí ọmọ kantíkantí di ìyá ọlọ́mọ, nítorí náà ìran tó ti kọjá nínú yàrá yẹn lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá gba ìyẹ̀fun ló ń bímọ púpọ̀ lọ́tùn-ún, ọmọ rẹ̀ a sì jogún ikùn náà. Díẹ̀díẹ̀, ikùn àwọn ará ọ̀tún dúdú, ti àwọn ará òsì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ohun tí wọ́n wá fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ẹbí bá pínyà pẹ́ tó báyìí, ṣé wọ́n ṣì lè fẹ́ra wọn, àbí wọ́n ti di irú méjì?

Dókítà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Dókítà yìí, àbúrò Màmá Ìgò ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ló ti kọ́kọ́ mọ ayé. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí àbúrò lè máa kàwé lọ. Ní báyìí, àbúrò jókòó sórí àga tó ń yí, ẹ̀gbọ́n dúró nídìí ẹ̀rọ omi.

Màmá Ìgò mú un mọ́ra títí di ọjọ́ Ẹtì kan tó ń nu tábìlì Dókítà, tó rí ìwé ìwádìí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Orúkọ Dókítà nìkan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Ó wá tirẹ̀ títí dé ojú ewé ìkẹyìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́.”

“Àwọn òṣìṣẹ́!” Ó yínmú. Ìlara gbé e lọ́kàn, ó ń ta á bí ata.

Dókítà kọ ọ́ síbẹ̀ pé kantíkantí ọ̀tún àti tòsì ti di irú méjì. Irú méjì wo? Ẹní bí ni là ń jọ! Màmá Ìgò mọ̀ pé nínú ìgò kẹtàdínlógún, àbúrò òun ti ya ogún abo òsì sọ́tọ̀, àwọn tí kò tíì rí akọ rí. Bí akọ ọ̀tún bá wọlé tì wọ́n, wọn á bímọ, ọ̀gá àgbà á dé, á bá àdàmọ̀dì ọmọ níbẹ̀, ìtìjú á sì bo ọ̀mọ̀wé.

Ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára kò mọ bí a ti ń ṣe wúruwùru. Bó ti ń bínú tó, ó ka akọ ọ̀tún mẹ́wàá gẹ́lẹ́, ó dà wọ́n sínú ìgò náà, ó fi òwú dí i. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé ẹni tó bá ṣí ìgò á kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà: ọjọ́ wo, ìgò wo, ọwọ́ ta ni, kí ni ìdí. A kì í pa á rẹ́, a kì í ya á. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi òfin yìí kọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ojoojúmọ́ ló ń lọ yọjú. Àwọn akọ na ìyẹ́, wọ́n jó yí abo ká. Àwọn abo tàpá sí wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọjọ́ kẹwàá pé, kò sí ìdin kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ náà ni Dókítà rí ikùn dúdú nínú ìgò. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ṣí ìgò yìí?”

“Kí lò ń bi mí sí? Ṣé èmi ni ìwé ni?”

Dókítà yọ akọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó fi akọ òsì rọ́pò wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, ìdin kún inú ìgò fọ́fọ́. Dókítà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀tún àtòsì ò fẹ́ra wọn! Mo ti kọ ọ́ síwèé pé irú méjì ni wọ́n, àmọ́ oṣù mẹ́ta ni mo ti ń sá fún ìdánwò yìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á bímọ, kí iṣẹ́ yín ọdún méjìlá má lọ di òfo. Àmọ́ bí kò bá sí nínú ìwé, ta ló máa gbà á?”

Iṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ náà gún Màmá Ìgò lọ́kàn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ bá ìwé ńlá. Ó kọ ọjọ́, ó kọ ìgò, ó kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó kan ìdí, ó rò ó pé kí òun kọ “ìdánwò”, ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n kò purọ́ nínú ìwé yẹn rí. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré: ìlara.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà wá yẹ iṣẹ́ wò, ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè nínú ìwé ńlá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. “Dókítà, kí lèyí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe ìdánwò náà, sà. Orúkọ wọn ló máa ṣáájú nínú ìwé ìwádìí.”

“Ìdí yìí ńkọ́?”

“A kì í pa á rẹ́, sà,” ni Dókítà wí. Kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Màmá Ìgò gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, ó ṣáà ń fọ̀ ọ́ lọ.