Ẹ̀yà Ìbọn Inú Páálí

Ọjọ́ Sátidé kan ni ariwo bẹ́ sílẹ̀ níbi tí Adédoyin ti máa ń lọ kọ́ ìbọn yíyìn ní Queens, ní New York. Wọ́n ti yìnbọn tán, wọ́n ń mu kọfí níwájú káńtà Robert, ọkùnrin tó ni ibẹ̀, tó sì tún ní láìsẹ́ńsì láti máa ta ìbọn. Robert ń wo fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní. "Àbádòfin tuntun ti dé iwájú àwọn aṣòfin ní Albany. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra ẹ̀yà ìbọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nílé mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ní láìsẹ́ńsì ni kó lọ, kí wọ́n sì yẹ orúkọ ẹ̀ wò, bí ẹni pé odindi ìbọn ló fẹ́ rà."

Gbogbo wọn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Titus, tó ní ilé ìfọṣọ kan ládùúgbò, fi ife lu káńtà. "Wọ́n rí i pé àwọn ò lè gba odindi ìbọn lọ́wọ́ wa, wọ́n wá fẹ́ máa gbà á ní wẹ́wẹ́!"

Inú bí Adédoyin náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìbọn. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti tọ́jú ẹni tí ọta bà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kú ni olè kan gba fèrèsé kíṣìnnì wọ ilé rẹ̀ ní St. Albans, lọ́sàn-án gangan, nígbà tó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú tówẹ̀lì lára, ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń súfèé. Súfèé yẹn ni kò jẹ́ kó sùn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn wàhálà tó pọ̀, ó gba láìsẹ́ńsì, ó ra ìbọn ìléwọ́ kan, ó tì í mọ́ inú àpótí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bébà nìkan ló tíì yìn ín lù rí. Sípírìngì inú rẹ̀ ti dẹ̀, òmíràn tó sì rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ lọ́nà.

"Ṣé nítorí sípírìngì ni wọ́n á ṣe sọ mí di ọ̀daràn?" ló bi Robert.

"Bí òfin yìí bá fi lè kọjá, ta ló mọ̀?"

Shirley nìkan ni kò bá wọn pariwo. Ìyá àgbàlagbà ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni, ó ti wa bọ́ọ̀sì iléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ àti ti Adédoyin fẹ̀gbẹ́ kanra, òun ló sì kọ́kọ́ mú Adédoyin wá síbẹ̀. Ó mu kọfí rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Èmi lọ ra oògùn ọ̀fìnkìn lọ́jọ́sí, wọ́n ní kí n mú ID wá kí wọ́n tó tà á fún mi, torí àwọn kan ń fi í se oògùn olóró. Mo mú un wá. Ayé ò parẹ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú. Adédoyin wà lára àwọn tó bínú. Nígbà tí wọ́n jọ ń rìn lọ síbi tí ọkọ̀ wà, ó ní, "Màmá Shirley, ẹ ò gbè wá rárá."

"Mi ò ní mi ò gbè yín. Ayé ò parẹ́ ni mo sọ."

Sẹ́nétọ̀ àdúgbò wọn ti pe ìpàdé kan sí gbọ̀ngàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kí aráàlú wá sọ tẹnu wọn lórí àbádòfin náà. Kí wọ́n tó túká lọ́jọ́ Sátidé yẹn, wọ́n ti yan Adédoyin láti bá wọn sọ̀rọ̀. Titus ní opó ni, nọ́ọ̀sì ni, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó máa lè pè é ní jàǹdùkú. Ó gbà. Ohun tó fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu rẹ̀: pé irin tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sínú ilé ọmọlúàbí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó bá páálí kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní sípírìngì òun ti dé nìyẹn. Kò tilẹ̀ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì kíṣìnnì, ó fi ọ̀bẹ ya ojú rẹ̀. Ìgbà tó gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde ló mọ̀ pé ó ti wúwo jù. Ọ̀pá ìbọn ni, àti irin gbọọrọ tó máa ń bò ó lórí, àti àwọn irin wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá. Ó yí páálí náà padà. Ọládélé ni orúkọ tó wà níbẹ̀.

Ọládélé ni àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí tẹ̀ lé e, yàrá abẹ́ ilé ló ń gbé. Takisí ló ń wà. Nígbà òtútù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Wakefield fi ìbọn tì í nípàkọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọn ò ṣe é léṣe, fóònù àti owó ọjọ́ náà ni wọ́n gbà. Gbogbo ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ní kó jẹ́ kó lọ. Láti ìgbà náà ni kì í ti í jẹun tán mọ́. Bí Adédoyin bá bi í, á ní, "Mo wà dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Délé! Gòkè wá."

Ó gòkè wá pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Bó ṣe rí ohun tó wà lórí tábìlì, ó fọwọ́ ti ògiri.

"Ẹ ti ṣí i."

"Mo rò pé tèmi ni. Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

Kò purọ́. "Gbogbo ẹ̀ wà nínú fídíò, ẹ̀gbọ́n mi. Èèyàn á máa rà á díẹ̀díẹ̀, á wá tò ó pọ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ara ìbọn gan-an, èyí tí gbogbo ìyókù ń jókòó lé, òun nìkan ló kù. Ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

"Láìní láìsẹ́ńsì? Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá ọ padà sí Nàìjíríà láti ẹ̀wọ̀n ni?"

"Kí n tó rí láìsẹ́ńsì gbà, wọ́n á ti pa mí."

"Àwọn ọmọ tó jà ọ́ lólè yẹn lo wá fẹ́ yìn ín lù?"

"Nígbà mìíràn, àwọn ni mo máa ń rò."

"Nígbà mìíràn ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Nígbà mìíràn, kì í ṣe àwọn."

Iṣẹ́ Adédoyin ni kó máa bi àwọn aláìsàn ní ìbéèrè yìí, kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn, ó kọ́kọ́ ti gbogbo irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó bi í.

"Délé, ṣé o ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?"

Ó mi orí bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń sọ̀rọ̀ láàárín ẹkún náà. "Inú mi dùn pé ẹ rí i. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Inú mi dùn pé ẹ rí i."

Adédoyin ò bá a wí. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Nígbà tó fi í sílẹ̀, Shirley ló pè, Shirley sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú bàtà inú ilé àti báńdánà lórí. Ó wo irin náà, ó wo Ọládélé, kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa oògùn ọ̀fìnkìn. Ó jókòó ti Ọládélé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí Adédoyin bá òun tẹ Christina láago. Ọmọ àbúrò Shirley ni Christina, lọ́yà sì ni.

"Ẹ má tò ó pọ̀, ẹ má sì gbé e sínú ọkọ̀," Christina sọ fún wọn. "Mo ń bọ̀ lọ́la, èmi fúnra mi ni màá bá yín kó o fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí èyí tó kù bá fi lè dé, ẹ̀sùn mìíràn ló máa di o."

Lọ́jọ́ kejì, Adédoyin ò lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀, ó mú Ọládélé lọ rí dókítà, ó jókòó tì í títí tó fi sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ tí á tún padà wá. Láti ibẹ̀, ó gba ilé lọ, ó gbé ìbọn tirẹ̀ látinú àpótí irin, ó gbé e lọ bá Robert. Kò fẹ́ kó wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ lásìkò yìí. Robert ò bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ó ti ìbọn náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ẹ̀yìn káńtà. "Kó wà níbí títí dìgbà tó o bá fẹ́," ó ní.

"Robert, mi ò ní lè sọ ohun tí ẹ ní kí n sọ nípàdé yẹn mọ́."

Robert fi kọ́kọ́rọ́ sápò. "Sọ ohun tó bá jẹ́ òótọ́ lójú ẹ. Èmi á gbọ́ tìẹ."

Ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tán síbẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó bá dúró ládùúgbò ni Adédoyin ń sáré lọ wò lójú fèrèsé. Bí wọ́n bá gbé èyí tó kù dé ńkọ́? Bí ọlọ́pàá bá tẹ̀lé e wá ńkọ́? Ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí nígbà tí Ọládélé gòkè wá, fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò ní dé."

"Kí ni kò ní dé?"

"Èyí tó kù. Àwọn tó ń tà á ti fagi lé e. Wọ́n ní àwọn kì í fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí New York, òfin ibẹ̀ ò gbà á."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Adédoyin ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Christina bá wọn nígbà tó dé. Ó kó páálí náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn méjèèjì jókòó dè é nílé, wọn ò lè jẹun. Ó pè wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Ọlọ́pàá ti gbà á, wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì di ìbọn, ẹjọ́ ò sí. Ọládélé ní ebi ń pa òun. Ó jẹ ẹ̀bà àjẹtán, ó sì tún béèrè fún ẹran.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Adédoyin bi Ọládélé bóyá òun lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́," ó ní. "Ẹ má ṣáà dárúkọ mi." Ó tẹ̀lé e lọ, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shirley.

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn ará ibi ìyìnbọn tò sápá kan, Titus wà níwájú. Adédoyin mú gbohùngbohùn.

"Mo ní ìbọn," ó ní, "mo gba láìsẹ́ńsì rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. Olè ti wọlé tọ̀ mí rí. Mo fẹ́ wá sọ fún yín pé irin tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹnì kan tí mo fẹ́ràn fẹ́ fi irú irin bẹ́ẹ̀ pa ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló rí rà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ojú rẹ̀. Ẹyọ kan péré ni kò rí, nítorí pé òfin tó ti wà tẹ́lẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ìdí tó fi wà láàyè lónìí nìyẹn. Ká ní ó lọ dúró níwájú káńtà ẹni tí mo mọ̀ ni, onítọ̀hún ì bá ti rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan ń ṣe é."

Ó yíjú sí tábìlì àwọn tó pe ìpàdé.

"Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Sípírìngì ìbọn mi ti dẹ̀. Bí mo bá ra òmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn òfin yìí, ṣé mo ti di ọ̀daràn nìyẹn?"

Jennifer, ọmọbìnrin tó ń bá sẹ́nétọ̀ ṣiṣẹ́, ló dáhùn. Ó ní rárá. Sípírìngì, síkúrúù àti èèkù ìbọn ò sí nínú rẹ̀. Ara ìbọn gan-an, ọ̀pá rẹ̀ àti irin orí rẹ̀ ni àbádòfin náà ń bá wí, ṣọ́ọ̀bù bíi ti Robert ni wọn yóò sì ti máa rà wọ́n.

Èèyàn gbọ́ bí gbogbo àwọn ará ibi ìyìnbọn ṣe mí kanlẹ̀. Robert jókòó ṣánṣán. "Ṣé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á máa wá ni?" ó ní. "Kí ló dé tí wọn ò tètè sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Titus ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó gba ọ̀pá lónìí á padà wá gba sípírìngì lọ́la, ó sì takò ó délẹ̀délẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìpàdé parí, ó wá bọ Adédoyin lọ́wọ́. "Bá mi kí ẹni yẹn," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọládélé ló wa ọkọ̀ padà sílé. Shirley jókòó lẹ́yìn, ó ń ròyìn ẹja tí wọ́n fẹ́ dín ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bí iná ojú títì ṣe dá wọn dúró ní Linden Boulevard, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ aṣọ onífìlà wá kan fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọládélé. Adédoyin rí bí èjìká àbúrò rẹ̀ ṣe le gbagidi. Ọládélé mí sókè, ó mí sílẹ̀, ó sì yí gíláàsì wálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "ilẹ̀kùn yín ti ẹ̀yìn ò pa dé dáadáa."

"O ṣeun," Ọládélé dá a lóhùn. "O ṣeun gan-an ni."

Shirley ṣí ilẹ̀kùn, ó tún un pa. Iná yí padà, Ọládélé tẹná mọ́ ọkọ̀, ó ní kí Màmá Shirley máa bá ọ̀rọ̀ ẹja náà lọ, òun ń gbọ́.