Ìyẹ̀fun Lọ́wọ́ Gbogbo Wa

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ fìdí lélẹ̀, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbé tirẹ̀ mì ná. Ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì kan ló ń yún mi lẹ́nu.

Agogo méjìlá ọ̀sán ti lù. Páálí ìdìbò wà lórí tábìlì, ó lanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa. Nínú ọgbọ̀n òṣìṣẹ́, àwọn ará ọ́fíìsì mẹ́rin péré ló ti dìbò. Òfin wọn sì rèé: bí àwọn tó dìbò ò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo mẹ́rin tó lù, ọ̀gá ni yóò fúnra rẹ̀ yan alábòójútó. Ta ni yóò tún yàn bí kò ṣe àna rẹ̀, ẹni tó gbé bẹ́ǹṣì ìsinmi wọn jù síta lọ́dún tó kọjá? Àǹtí Ọlọ́ràá, obìnrin tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ló ń bá a du ipò náà.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn ká ìyá tó ń po ìyẹ̀fun lára ju ẹnikẹ́ni lọ, torí orúnkún rẹ̀ ti gbó. Ìyá Kí-Ló-Dé ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó tọ ọkùnrin ìdí ààrò lọ.

"Bàbá Ààrò, kí ló dé tí o ò dìbò?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ n gbọ́ ti búrẹ́dì mi."

"Búrẹ́dì ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá. Kí ló dé?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ẹnìkejì mi nídìí ààrò ò dìbò fún àna ọ̀gá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí ẹnìkejì mi lọ máa fọ páànù. A ò kọ orúkọ sí ìwé o! Ta ló sọ fún wọn?"

Ìbéèrè yìí ń rin ìyá lára bí èèrà. Ó lọ gba ìwé tirẹ̀, ó ká a, ló bá rí i: ìyẹ̀fun ti lẹ̀ mọ́ etí ìwé. Ó ké sí Bàbá Ààrò pé kó di bébà kan mú. Èédú, ìka márùn-ún! Ó ké sí awakọ̀. Epo ọkọ̀!

"Háà! Kò sí olófòófó kankan láàárín wa. Ọwọ́ wa ló ń rojọ́ wa!"

"Ṣé ká kúkú fọwọ́ ni?" awakọ̀ béèrè.

"Èédú ogún ọdún?" Bàbá Ààrò rẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ wo ló gbọ́ èdè rẹ̀?"

Ni ìyá bá gbé abọ́ ìyẹ̀fun sí ẹ̀gbẹ́ páálí. Akọ̀wé tó ń ṣọ́ ìbò fò dìde.

"Ìyá, ìdìbò kì í ṣe eré o!"

"Ọmọ mi, òfin wo ló ní ká má fọwọ́ ìyẹ̀fun dìbò?"

Akọ̀wé ṣí ìwé òfin, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kò sí."

Ìyá da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú páálí fún ìbò mẹ́rin àkọ́kọ́, akọ̀wé mì ín dáadáa. Ló bá gbé orin:

"Ta ló yàn án? Ọlọ́wọ́ funfun!
Ta ló kọ̀ ọ́? Ọlọ́wọ́ funfun!
Wá mi títí, o ò rí mi,
Gbogbo wa la ti f'ìyẹ̀fun para!"

Wọ́n tò, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun, wọ́n ń ju ìwé sínú páálí, wọ́n ń gberin. Àna ọ̀gá jáde síta. "Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ kiwọ́ bọ̀ ọ́ sà," ni ìyá wí, "kí wọ́n má baà dá yín mọ̀."

Ẹ̀rín sọ. Àna ọ̀gá kiwọ́ bọ ìyẹ̀fun.

Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n ti dìbò. Akọ̀wé kà á lójú gbogbo wọn: àna ọ̀gá, mẹ́sàn-án; Àǹtí Ọlọ́ràá, mọ́kàndínlógún. Àna ọ̀gá yí àwọn ìwé náà síwá, ó yí wọn sẹ́yìn. Funfun báláú ni gbogbo wọn.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí Àǹtí Ọlọ́ràá pa ni pé kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Ìyá jókòó, ó na ẹsẹ̀. Wọ́n bu búrẹ́dì gbígbóná yí ká, àna ọ̀gá náà gba tirẹ̀.

Bàbá Ààrò súnmọ́ ìyá létí. "Ìyá, ta lẹ dìbò fún gan-an?"

Ìyá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi ń béèrè?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi tán. Kálukú yó, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.