Àwọ̀ Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi dúdú. Dúdú tó ń dán ni, àwọ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn. Nítorí náà, nígbà tí àwòrán ńlá tí a fẹ́ gbé kọ́ níbi ìrántí rẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tí mo rí obìnrin pupa kan tó jókòó tì mí nínú rẹ̀, mo bi àbúrò rẹ̀ pé, "Obìnrin wo lo fẹ́ fún mi yìí?"

Àbúrò rẹ̀ ló ni ilé ìtẹ̀wé náà. Aláwọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Bọ̀ọ̀dá, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ nìyí. Ẹni tí mo bá tẹ̀ ní dúdú, á ní mo ba òun jẹ́."

Télọ̀ kan tó ń dúró de pátákó ìpolówó rẹ̀ dá sí i. "Èmi ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n pupa dáadáa. Ẹni tí mò ń fẹ́ kò tíì rí mi lójúkojú."

"Ọjọ́ tó bá wá rí ọ ńkọ́?" ni Aláwọ̀ bi í.

"Ìfẹ́ á ti wọ̀ ọ́ lára nígbà yẹn."

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó tún un tẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí. Mo fẹ́ kí àwọn tó bá wá bá wa ṣe ìrántí rí obìnrin tí mo bá gbé, kì í ṣe ẹlòmíràn.

"Kékeré àwòrán yìí tó wà ní pálọ̀ yín náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́."

"Ìyẹn kéré. Mi ò fura."

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Mo rò pé iṣẹ́ ló ń sá fún. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́.

Ó ti ṣàlàyé fún mi rí pé ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, íǹkì ni ti ìwé, ètò kan sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa yí ọ̀kan padà sí èkejì. Ètò tí wọ́n bá yàn ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Èyí tó wà níbẹ̀ ń dín dúdú àti yẹ́lò kù. Ó yọ ọ́, ó yan èyí tí kì í bù kún, tí kì í bù kúrò. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó yíjú sí ògiri.

Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Irun rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí rẹ̀. Dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ gan-an. Ọkàn mi ti ń rọ̀ kí ojú rẹ̀ tó jáde.

Funfun ojú rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin.

Mo ní, "Ẹ̀rọ rẹ ti bàjẹ́."

Aláwọ̀ ṣì kọjú sí ògiri. Ìwé ṣì ń jáde. Ojú tèmi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, funfun rẹ̀ funfun bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ kan kò lè tẹ ojú ènìyàn méjì sórí ìwé kan, kó wá purọ́ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó di jígí dúdú mú lórí itan.

Ọjọ́ tí ọmọ wa obìnrin parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ la ya àwòrán yìí, ó sì tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí dókítà bi mí pé ìgbà wo ni ojú rẹ̀ ti pọ́n, mo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Dókítà wò mí. Ó ti pẹ́ tí jígí dúdú ti ń wà lójú ìyàwó mi. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń ta òun lójú, kódà nínú ilé. Ayàwòrán ló ní kí ó yọ ọ́ lọ́jọ́ àwòrán náà.

Télọ̀ dìde, ó ní òun á padà wá.

"O mọ̀," ni mo wí fún Aláwọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi níbí kí n tó tẹ àwòrán kékeré yẹn. Orí àga télọ̀ yìí ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní àwọn ti rí dókítà, ẹ̀dọ̀ ni, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ní kí n yọ yẹ́lò yẹn kúrò lójú àwọn, kí ẹ má rí i. Wọ́n ní, 'Bàbá yẹn, tó bá mọ̀, á máa bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ò fẹ́. Kó máa bá mi jà lórí iyọ̀ bó ṣe ń ṣe.' Bí mo ṣe yọ yẹ́lò, àwọ̀ ara wọn bá a lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti di òyìnbó kí àwọn tó lọ."

Mo wá àga jókòó. Lóòótọ́, mo bá a jà lórí iyọ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn.

"Èwo ni ká gbé kọ́, Bọ̀ọ̀dá?"

Mo tún wo ojú rẹ̀ nínú àwòrán náà.

"Ṣé o lè ṣe ojú nìkan?"

"Ó máa gba àkókò. Mo ní láti fọwọ́ mú un lọ́tọ̀."

"Mò ń dúró. Ara rẹ̀, fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú rẹ̀, ṣe é bó ṣe ní kí o ṣe é."

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo ká àwòrán tí ojú rẹ̀ pọ́n náà kí ó tó gbẹ tán, íǹkì rẹ̀ kùn mí lọ́wọ́. Ọmọ mi obìnrin pè lórí fóònù, ó bi mí bóyá àwòrán ti jáde.

"Kò tíì jáde," ni mo wí. "Ìyá rẹ ṣì ń múra."