Àlọ́ Ọ̀sán Gangan

Ọjọ́ tí Alàgbà Mà kọ́kọ́ wọ ilé àbúrò rẹ̀ ní Agége, kò tíì mu omi tí Sùlíyá, ìyàwó àbúrò náà, gbé fún un tán tó fi dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ó pe Láídé, ọmọ ọdún méje, ó pe Shuaib tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ó sì bá wọn sọ èdè Mandarínì, èdè ilé bàbá wọn ní àríwá Ṣáínà. Láídé kúnlẹ̀, Shuaib dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àwọn méjèèjì sì dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀, sà." Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi dáhùn, àbí kí ni ẹ rò pé wọ́n á fi dáhùn? Èdè ìyá wọn ni wọ́n ń gbọ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní ọmọ tí kò lè bá ìyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọmọ ilé àwọn. Ó ní òun ń lọ sí Kánò lọ wo ọjà. Nígbà tí òun bá fi máa padà dé, bí nǹkan ò bá tíì yí padà, òun yóò kó àwọn ọmọ méjèèjì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Hong Kong tí ìdílé àwọn ṣí lọ, kí ìyá àwọn lè tọ́ wọn bó ṣe yẹ.

Yésúfù, ọkọ Sùlíyá, doríkodò. "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe di ìyàwó ará Ṣáínà, ọ̀rọ̀ náà ò le. Atúnẹ̀rọṣe ni Yésúfù nínú ọkọ̀ òkun, àìsàn ló dá a dúró sí Èkó, tí ọkọ̀ fi í sílẹ̀ lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ń bá àwọn èèyàn tún ẹ̀rọ ṣe kiri, ó sì yà sí mọ́ṣáláṣí kan ní Agége lọ́jọ́ Jímọ̀, torí pé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i. Bàbá Sùlíyá, tó jẹ́ ahunṣọ, wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbọ́ bí àlejò náà ṣe ń ka Fátíà, ó ní ẹni tó bá ń dojú kọ ibi tí àwọn dojú kọ kì í ṣe àjèjì sí àwọn mọ́. Bó ṣe di àna wọn nìyẹn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé láti Hong Kong wá dá ilé iṣẹ́ abọ́ tánńganran sílẹ̀ ní Ìkẹjà, tó sì fi Yésúfù ṣe olórí ìdí iná tí wọ́n fi ń yan abọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó tún jẹ́ ọ̀gá, ta ni yóò lẹ́nu láti ta ko irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí àlejò lọ tán, tí Yésúfù sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Sùlíyá, obìnrin náà bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Yésúfù ní lọ́dọ̀ àwọn, àbúrò kì í bá ẹ̀gbọ́n jiyàn. Èyí ló tún wá dun Sùlíyá jù, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì rí ibi tí yóò ti bá a wí. Ó wọ yàrá, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n sùn sí. Shuaib kì í sùn láìdi etí ìyá rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá etí náà kiri lójú oorun. Sùlíyá dùbúlẹ̀ tì í, ó gbé etí fún un, omijé sì ń ṣàn wọ inú etí kan náà.

Yésúfù ra síléètì, ó ra rúlà. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti ìdí iná dé pẹ̀lú ojú pípọ́n, yóò to àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ Mandarínì pè yóò tẹ́ ọwọ́ gba rúlà. Kò pẹ́ tí Shuaib fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára bó bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Èyí tí wọ́n kọ́ lónìí, kò ní í sí níbẹ̀ lọ́la. Ìgbà tí Sùlíyá ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gba rúlà, ó gba síléètì, ó fi wọ́n há àjà.

"Bàbá Láídé," ló wí, "ẹ̀rù kì í kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́, kí èmi náà kọ́ wọn."

Láti ọjọ́ náà lọ, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bí Yésúfù bá ti ń mu ẹ̀kọ, á máa da ọ̀rọ̀ sí ìyàwó rẹ̀ létí, Sùlíyá á sì máa yí wọn lẹ́nu bó ṣe ń gbálẹ̀. Ohùn èdè náà ń lọ sókè, ó ń lọ sódò bíi ti Yorùbá, ìyẹn ò ni ín lára. Ẹ̀rín tí ọkọ rẹ̀ ń fi í rín ló ni ín lára, ṣùgbọ́n ẹni ọ̀ràn kàn ò ráyè ìtìjú.

Ibi ìwẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Yóò gbé igbá omi sókè, yóò pe etí ní Mandarínì, ọmọ tí kò bá tètè di etí rẹ̀ mú yóò gba omi lórí ṣàà. Shuaib máa ń mọ̀ọ́mọ̀ di imú mú kí omi lè dà lé e lórí, àwọn mẹ́ta á sì máa rẹ́rìn-ín títí. Ó gbé e dé ilé ìdáná: ẹni tó bá fẹ́ ìrẹsì tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, kó fi èdè bàbá rẹ̀ tọrọ rẹ̀. Ọmọ wo ló máa torí èdè pàdánù ìdí ìkòkò?

Ṣùgbọ́n àlọ́ ló parí iṣẹ́. Lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á jókòó sẹ́nu ìloro, Sùlíyá á ní Ìjàpá ti lọ sí Ṣáínà ó ti dé, kò sì gbọ́ Yorùbá mọ́. Gbogbo ohun tí Ìjàpá bá sọ, Mandarínì ni, bí àwọn ọmọ ò bá sì dá a lóhùn, Ìjàpá ò ní kúrò lójú kan, àlọ́ ò sì ní í lọ síwájú. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá a lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ń bá a na ọjà. Kò tún pẹ́, wọ́n ń bú u, wọ́n ń pè é ní olórí kóńkó. Àdùkẹ́, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń ránṣọ ní yàrá kejì, yọrí lójú fèrèsé, ó ní kí Sùlíyá rọra o, kó má kọ́ Ìjàpá ní èdè náà já, torí olè ni.

Ohun kan ṣoṣo ni Sùlíyá kò gbà. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Shuaib ní kó pa àlọ́ fún òun, kí ìyá rẹ̀ tó fèsì, Láídé ti fi ọwọ́ bo àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Sùlíyá ti sọ fún wọn ohun tí ìyá tirẹ̀ sọ fún un: ẹni tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án yóò sọnù. Yóò jáde nílé, kò ní í mọ ọ̀nà ilé mọ́. Kì í ṣe pé ó ń fi dẹ́rù ba ọmọ o. Òun gan-an gbà á gbọ́ tinútinú, kò sì dán an wò rí láyé rẹ̀.

Àṣé Alàgbà Mà kì í ṣe ẹni tó ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, oòrùn wà ní àtàrí, mọ́tò dúdú rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Sùlíyá ti wẹ àwọn ọmọ, ó ti fi òróró pa wọ́n lára, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Láídé fi Mandarínì bá Shuaib jà torí àkàrà.

Àlejò jókòó. Láídé kúnlẹ̀, Shuaib dọ̀bálẹ̀. Alàgbà Mà bi wọ́n lórúkọ. Wọn ò dáhùn. Ó bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, ó bi wọ́n ní iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó gbé ohùn sókè, orí wọn tún tẹ̀ sí i. Sùlíyá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ojú bẹ Láídé, ṣùgbọ́n Láídé ò gbójú sókè débi tí yóò fi rí i.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn pé ọmọdé kì í wo àgbà lójú. Òun ló kọ́ wọn pé bí ohùn àgbà bá ti ròkè, kí ọmọ dákẹ́, kó tẹ orí ba. Ìjàpá ni wọ́n ń bá sọ Mandarínì, Ìjàpá kì í ṣe àgbà ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ ilé tó fi ń yangàn láàárín àwọn obìnrin àdúgbò ló wá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí.

Alàgbà Mà dìde. Ó ní ọkọ̀ òkun yóò ṣí ní Àpápá lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n di ẹrù àwọn ọmọ náà. Yésúfù ti agbọ̀n mọ́ àyà.

Kí ni obìnrin yóò ṣe? Kò lè bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jiyàn. Kò lè na ọmọ kó tó sọ̀rọ̀. Oòrùn tàn wọ inú ilé, ó mọ́lẹ̀ rokoṣo lórí ẹní. Sùlíyá rìn wá sí àárín ilé, ó jókòó sílẹ̀ nínú oòrùn náà.

"Ààlọ́ o," ló wí.

Kò sẹ́ni tó gbè é. Láídé gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Sùlíyá ò dúró. Ó ní Ìjàpá ti ń bọ̀ láti Ṣáínà, ó gbé ẹrù rù, ó dé ẹnu ibodè, ó fi Mandarínì bi àwọn ọmọdé ìlú pé ọ̀nà wo ló lọ sílé. Ó tún un bi. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ṣùgbọ́n ó ń bá a lọ. Shuaib bú sẹ́kún.

Ni Láídé bá dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo àgbà náà lójú kòrókòró, ohun tí kò ṣe rí, ó sì pè é ní Dàyé, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni nílé wọn lọ́hùn-ún. Mandarínì ló fi sọ gbogbo rẹ̀, kò tilẹ̀ mí sí i.

"Dàyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá wa kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀sán nìyí, wọ́n máa sọnù. Àwa ò lè pàṣẹ fún wọn, ẹ̀yin lẹ lè pàṣẹ. Tí wọ́n bá jáde wọn ò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́, Shuaib ò sì lè sùn tí kò bá di etí wọn mú."

Shuaib ti sáré lọ di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú. Ní èdè kan náà ló ń sunkún, ó ń bẹ Dàyé kó má jẹ́ kí ìyá àwọn lọ, kó má jẹ́ kí wọ́n lọ.

Alàgbà Mà rọra padà jókòó. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó bi Láídé pé níbo ni ẹni tó bá sọnù máa ń lọ. Láídé ní ibi tí èèyàn á ti máa sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ ni. Ọkùnrin náà wo ọmọ náà títí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Sùlíyá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò bá a sọ̀rọ̀ tààrà láìgba ẹnu ọkọ rẹ̀.

"Ṣé o gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́."

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

Mandarínì Sùlíyá ò já geere bíi ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ fẹ́ kó ọmọ mi lọ. Mo ti sọnù kí n tó lanu."

Yésúfù gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "wọn ò ní lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bínú. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé Shuaib sórí itan, ó bi Sùlíyá ìgbà tí wọ́n lè pa àlọ́ kó má mú ewu dání. Sùlíyá ní ó di ẹ̀yìn ìrun màgàríbì. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n lọ sọ fún awakọ̀ òun kó máa lọ, pé Ìjàpá ṣì wà lẹ́nu ibodè, kò dáa kí èèyàn fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun nìkan ni yóò lọ lọ́jọ́bọ̀, òun yóò sì sọ fún ìyá àwọn pé àwọn ọmọ náà gbọ́ èdè, pé wọ́n tiẹ̀ ti ń rán àgbà níṣẹ́.

Ilé rẹ́rìn-ín, àfi Láídé. Òun ò tíì gbà pé ewu ti kọjá, torí ìyá rẹ̀ ti la ẹnu lọ́sàn-án gangan, gbogbo wọn ló gbọ́. Ó fa etí ìró ìyá rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ta á ní kókó méjì. Sùlíyá ì bá sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n àyà tirẹ̀ náà ò tíì wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ pọn omi, tó sì lọ gbé ìrẹsì àlejò kaná, tí ọmọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò sì tú kókó náà.